Ìṣúná Wo Ni Wọn Kò Fọwọ́ Sí? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Àwọn Aṣòfin Amẹ́ríkà lórí Owó Ìlú

Ìfáàrà

Inú kíláàsì ìtúmọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa fún wa ní ìròyìn kúkúrú kan pé kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ẹni tí yóò kà á lórí rédíò. Ìròyìn àtijọ́ ni, ó sì dá lórí ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní Amẹ́ríkà fi kan ẹgbẹ́ Democrat, pé fún ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn Democrat tí ó pọ̀ jù ní Ilé Aṣòfin Àgbà kò fi fọwọ́ sí ìṣúná. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ báyìí pé: ‘Ọdún mẹ́ta rèé tí Amẹ́ríkà kò ti ní ìṣúná.’ Nígbà tí olùkọ́ wa dá ìwé mi padà, ó ti fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ‘Ìṣúná wo?’

Ìbéèrè náà kọ́kọ́ bí mi nínú. Lójú tèmi, ìṣúná ni ìṣúná ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í, mo bi ara mi pé: bí orílẹ̀-èdè kan kò bá ní ìṣúná fún ọdún mẹ́ta, ta ni ó ń san owó oṣù àwọn ọmọ ogun rẹ̀? Owó wo ni wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe? Ohun tí mo kọ kò lè jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ purọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé orúkọ kan náà ni àwọn olóṣèlú ń fi pe nǹkan méjì tí ó yàtọ̀ síra pátápátá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń mú èyí tí yóò fi dá ẹnìkejì lẹ́bi. Bí àwa tí a ń túmọ̀ kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹjọ́ ẹgbẹ́ kan ni a ó máa bá a rò láìmọ̀.

Kí ni ìṣúná?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Láti ara ‘ṣún owó ná’ ni a ti rí ìṣúná. Ẹni tí ó ń ṣún owó ná ni ẹni tí ó ń wo àpò rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́. Ìwọ̀n ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe owó fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe àṣẹ láti ná an. Ṣùgbọ́n lóde òní, a ti fi ọ̀rọ̀ kan yìí bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀. Àbá tí Ààrẹ gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin, ìṣúná ni à ń pè é. Ìwọ̀n tí àwọn aṣòfin fi lélẹ̀, ìṣúná ni. Òfin tí ó ní kí a yọ owó jáde, ìṣúná náà ni.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a wo ẹbí kan tí ó fẹ́ ṣe òkú àgbà. Àwọn àgbà ẹbí yóò kọ́kọ́ jókòó, wọn yóò ní, ‘Ìnáwó yìí kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ. Ti màlúù yóò tó báyìí, ti ọtí yóò tó báyìí.’ Ìpinnu ni èyí. Kọ́bọ̀ kò tíì kúrò nínú àpò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá sọ fún akápò pé, ‘Ka iye báyìí fún àwọn tí ó ń lọ ra màlúù.’ Àṣẹ ni èyí, òun ni ó sì ń mú owó jáde.

Ẹbí lè pàdé kí wọ́n má lè fẹnu kò lórí ìwọ̀n ìnáwó, síbẹ̀ kí akápò máa yọ owó díẹ̀díẹ̀ títí òkú yóò fi wọlẹ̀. Wọ́n sì lè fẹnu kò lórí ìwọ̀n, kí àwọn ọmọ ìyálé àti àwọn ọmọ ìyàwó wá di akápò lọ́wọ́ mú nítorí ìjà mìíràn. Òkú yóò wà nílẹ̀, àlejò yóò sì dé bá ìkòkò òfìfo. Ẹni tí ó bá sọ nípa ẹbí méjèèjì yìí pé ‘wọn kò ṣètò ìnáwó’ kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, èmi yóò máa pe èyí àkọ́kọ́ ní ìpinnu ìṣúná, èmi yóò sì máa pe èyí èkejì ní òfin ìyọwó.

Ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ní Amẹ́ríkà

Ìwé òfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ní 1787 ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ó ní owó kankan kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìjọba àfi èyí tí òfin bá yọ. Lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ni okùn àpò wà, kò sí lọ́wọ́ Ààrẹ. Ní 1921, wọ́n ṣe òfin pé kí Ààrẹ máa gbé àbá ìṣúná wá síwájú àwọn aṣòfin lọ́dọọdún. Àbá ni ó ń jẹ́. Àwọn aṣòfin lè gbà á, wọ́n sì lè jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Òfin tí ó bí ìpinnu ìṣúná ni ti ọjọ́ 12 oṣù keje 1974. Ààrẹ Nixon ni ó wà lórí oyè nígbà náà, òun àti àwọn aṣòfin sì ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń di àwọn owó kan mú tí àwọn aṣòfin ti ní kí ó ná. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ ìṣúná sílẹ̀ ní ilé méjèèjì, ó dá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa bá àwọn aṣòfin ṣírò owó sílẹ̀, ó sì sún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìnáwó láti ọjọ́ 1 oṣù keje sí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, bẹ̀rẹ̀ láti 1976. Bí òfin náà ti wà lónìí, ó yẹ kí ilé méjèèjì ti parí ìpinnu ìṣúná nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìpinnu àti òfin, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Ìpinnu ìṣúná kì í lọ sí ọ̀dọ̀ Ààrẹ, nítorí náà kì í di òfin. Kò lè yọ dọ́là kan ṣoṣo jáde. Nínú Ilé Aṣòfin Àgbà tí ó ní ènìyàn 100, ẹni tí ó bá ti ní ju ìdajì àwọn tí ó dìbò lọ ti borí, nítorí pé wákàtí tí wọ́n lè fi jiyàn lé e lórí níwọ̀n. Ẹgbẹ́ tí kò pọ̀ kò lè fi àròyé dá a dúró.

Òfin ìyọwó kò rí bẹ́ẹ̀. Méjìlá ni wọ́n lọ́dún. Ti ológun wà lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ìrìnnà àti àwọn yòókù. Ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Ààrẹ sì buwọ́ lù ú. Nínú Ilé Aṣòfin Àgbà, ó máa ń gba ibo 60 kí wọ́n tó lè dá àríyànjiyàn dúró kí wọ́n sì dìbò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní 60. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò pọ̀ ní ọ̀bẹ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ òfin ìyọwó, ṣùgbọ́n kò ní in nínú ọ̀rọ̀ ìpinnu.

Bí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá bá dé tí òfin méjìlá yìí kò tíì pé, àwọn aṣòfin máa ń ṣe òfin onígbà díẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ìjọba máa ná owó bí ó ti ń ná an bọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí. Láti 1976 tí ọdún ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni wọ́n ti parí gbogbo òfin ìyọwó kí ọjọ́ tó pé, èyí ni fún ọdún ìnáwó 1977, 1989, 1995 àti 1997. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ti wà ní ipò nínú gbogbo àwọn ọdún yòókù.

Ẹjọ́ 2009 sí 2013

A lè padà wá sí ìròyìn tí mo túmọ̀ wàyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2009, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí ìpinnu ìṣúná fún ọdún ìnáwó 2010. Àwọn Democrat ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, Ilé náà kò tún fọwọ́ sí òmíràn títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2013. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin. Nígbà tí àwọn Republican gba Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, wọ́n fọwọ́ sí ìpinnu tiwọn ní 2011 àti 2012, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Àgbà kò bá wọn lọ. Báyìí ni àwọn Republican rí ohun tí wọn yóò máa kà sí àwọn Democrat létí níbi gbogbo: ‘Ìdílé tálákà ń ṣe ìṣúná, ẹ̀yin kò ṣe é.’

Àwọn Democrat kò dákẹ́. Wọ́n ní ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2011, ilé méjèèjì àti Ààrẹ Obama jọ fọwọ́ sí òfin kan tí ó fi ààlà sí ìnáwó. Wọ́n ní òfin ju ìpinnu lọ, nítorí náà kí ni a tún fẹ́ fi ìpinnu ṣe? Àwọn Republican náà tún ta ọfà mìíràn. Wọ́n mú àbá Ààrẹ Obama wá fún ìdìbò ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní oṣù karùn-ún 2011, ẹni 97 ni ó kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni kan tí ó gbà á. Ní oṣù karùn-ún 2012, ẹni 99 kọ̀ ọ́, kò sí ẹni kan tí ó gbà á. Àwọn Democrat ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ìdìbò náà, nítorí pé àwọn tí ó mú àbá náà wá kò fẹ́ ẹ.

Ta ni ó jàre? Mo ti gbé e yẹ̀ wò láti ọ̀nà méjèèjì. Òótọ́ ni ti àwọn Republican pé òfin 1974 ní kí ìpinnu wà lọ́dọọdún. Òótọ́ sì ni pé ibo tí ó ju ìdajì lọ ti tó, nítorí náà àwọn Democrat kò lè sọ pé ọ̀tá ni ó dí wọn lọ́nà. Lójú tèmi, wọn kò fẹ́ kí a rí orúkọ wọn lábẹ́ iye owó-orí àti gbèsè nígbà tí ìdìbò ń bọ̀. Òótọ́ tún ni ti àwọn Democrat pé òfin 2011 fi ààlà sí ìnáwó, ṣùgbọ́n òfin 2011 kò lè dáhùn fún 2010 tí wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó láìṣe nǹkan. Bí a bá sì rántí 1998, a ó rí i pé àwọn Republican ni ó pọ̀ jù ní ilé méjèèjì ní ọdún náà, síbẹ̀ ilé méjèèjì kò lè fẹnu kò lórí ìpinnu kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 1974. Afọ́jú kì í fi afọ́jú ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìparí ìtàn náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì 2013, wọ́n ṣe òfin kan tí ó sọ pé ilé tí kò bá fọwọ́ sí ìpinnu ìṣúná nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, a ó di owó oṣù àwọn ọmọ ilé náà mú. Kíá ni ara tù wọ́n! Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí tirẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, Ilé Aṣòfin Àgbà sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì sí i pẹ̀lú ibo 50 sí 49. Ilé méjèèjì ti ní ìpinnu, bí ọ̀kan kò tilẹ̀ jọ èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an, òfin ìyọwó kò sí, ilé-iṣẹ́ ìjọba sì tì fún ọjọ́ 16.

Ẹ wò ó báyìí: ní 2010, 2011 àti 2012 tí ‘ìṣúná kò sí’, ìjọba kò tì rárá. Ní 2013 tí ‘ìṣúná wà’, ó tì. Ẹni tí kò bá ya ìpinnu kúrò lára òfin ìyọwó kò lè rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì

Òfin kan tí ó ti wà láti 1884 kò gba ìjọba láyè láti gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí owó bá tilẹ̀ tán, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba a máa bá iṣẹ́ lọ, wọn a máa retí pé àwọn aṣòfin yóò tún un ṣe. Ní 1980 ni agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, Benjamin Civiletti, sọ pé ohun tí òfin wí kò rí bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí òfin ìyọwó, kí a ti ilẹ̀kùn. Ní 1981, ó yọ iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn àti ààbò dúkìá sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni títì ilẹ̀kùn ti di ohun ìjà. Láti ìparí 1995 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1996, ó tì fún ọjọ́ 21 nígbà ìjà Ààrẹ Clinton àti àwọn aṣòfin Republican. Ní 2013, àwọn Republican fẹ́ dá òfin ìlera Ààrẹ Obama dúró. Láti ọjọ́ 22 oṣù kejìlá 2018 sí ọjọ́ 25 oṣù kìíní 2019, ọjọ́ 35 ni ó gbà, nítorí owó ògiri tí Ààrẹ Trump fẹ́ mọ sí ààlà Mexico. Ní 2025, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ọjọ́ 43 ni, nítorí pé àwọn Democrat fẹ́ kí ìrànwọ́ owó ìlera máa bá a lọ. A rí i pé ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó mọ ọ̀nà ibi tí ọ̀bẹ wà.

Ta ni ọ̀bẹ náà ń gé? Ní 2018 sí 2019, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 800,000 ni owó oṣù wọn dúró. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìgba owó, àwọn tí ó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú wà lára wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 ní kí a san owó tí ó dúró fún òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ àti àwọn alásè tí agbaṣẹ́ṣe gbà sí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, wọn kò rí owó ọjọ́ wọ̀nyẹn gbà. Àwọn aṣòfin tí ó dá a sílẹ̀ ńkọ́? Owó oṣù tiwọn kò dúró. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a.

Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀

Ní 1979, Nàìjíríà fi ìjọba tí ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó sì mú èyí tí ó jọ ti Amẹ́ríkà. A mú Ààrẹ, a mú ilé aṣòfin méjì, a sì fi okùn àpò sí ọwọ́ aṣòfin. Ṣùgbọ́n a fi ohun kan sí tiwa tí kò sí ní tiwọn. Ẹsẹ̀ 82 nínú ìwé òfin 1999, bí wọ́n ti kọ ọ́, ní bí òfin ìyọwó kò bá tíì jáde nígbà tí ọdún ìnáwó bá bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ lè yọ owó tí iṣẹ́ ìjọba nílò fún oṣù mẹ́fà, kí ó má ṣáà ju ti irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá lọ.

Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn kò fi tì ní 2018. Ààrẹ Buhari gbé àbá wá ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 2017, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2018, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí oṣù mẹ́fà pé. Ààrẹ ṣàròyé pé àwọn aṣòfin gé owó iṣẹ́ 4,700, wọ́n sì fi iṣẹ́ 6,403 tiwọn sí i. Àwọn aṣòfin ní òfin fún àwọn ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni Ààrẹ àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Nípa bẹ́ẹ̀, bí a bá sọ lórí rédíò pé ‘wọn kò tíì fọwọ́ sí ìṣúná’, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Washington yàtọ̀ sí ti Àbújá. Ní Washington, ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tí yóò yí padà, ó sì lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yóò sùn lébi. Ní Àbújá, owó oṣù lè máa jáde, ṣùgbọ́n ọ̀nà àti afárá tuntun yóò dúró de ìwé.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ wọn. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi tí a ń kọ́ èdè ni mo ń bá wí. Àwa ni a ó jókòó sí ilé rédíò àti ilé ìwé ìròyìn lọ́la. Ẹni tí kò gbọ́ èdè mìíràn yóò gbé ọ̀rọ̀ wa lọ bí a bá ti sọ ọ́, yóò sì fi ṣe ìdájọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé aṣòfin kò ṣe ìṣúná, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun mẹ́ta kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Ṣé àbá ni, ṣé ìpinnu ni, àbí òfin ìyọwó? Ibo mélòó ni ó gbà, ta sì ni ó ní in? Bí kò bá sí i lọ́la, ta ni kò ní rí owó rẹ̀ gbà? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó tó ròyìn ìjà náà.

Mo tún ìròyìn náà kọ fún olùkọ́ wa. Mo kọ ọ́ báyìí pé: ‘Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn Democrat ti pọ̀ jù, kò ti fọwọ́ sí ìpinnu tí ó ń díwọ̀n ìnáwó ìjọba. Ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun láti máa fọwọ́ sí òfin tí ó ń yọ owó.’ Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, rédíò kò sì fẹ́ràn gbólóhùn gígùn. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé mi padà sí ọwọ́ mi, kò sí ìlà pupa kankan lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.